Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn ọmọ wa fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọ̀ṣọ́ olólùfẹ́ olórin

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Táńkẹ̀:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 14. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fẹnu kò pé ilé wa ni àwọn máa kóra jọ sí nínú ọlidé gígùn yìí, kí wọ́n gbọ́ orin, kí wọ́n jó, kí wọ́n jẹun. Àwọn kan nínú wọn kò rí ẹlòmíì bí kò ṣe BTS, ẹgbẹ́ olórin Kòríà. Àwọn yòókù, Ayra Starr àti Rema ni tiwọn. Wọ́n fẹ́ wọ nǹkan tí ẹni tó bá rí wọn á fi mọ ẹni tí wọ́n ń tẹ̀lé. Èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n jù, owó tí wọn á fi gbé e dé Ìlọrin gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọjà. Mo ní kí wọ́n jókòó ṣe é fúnra wọn, inú wọn sì dùn sí i ju bí mo ṣe rò lọ.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì di abẹ́rẹ́ mú rí. Bákan náà, àwọn òbí kan nínú wọn kò fẹ́ àwòrán olórin lára ọmọ wọn tàbí lára ògiri ilé wọn, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ti ilé mi gba ẹjọ́ lọ sílé. Kí ni wọ́n lè ṣe láàrin ọ̀sán méjì, tí kò ní já kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà?

Onílẹ̀kẹ̀ Ọjà Ọba:

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó ń kọ yín lóminú kúrò lọ́nà ná. Ẹ ò nílò àwòrán kankan. Àwọ̀ àti lẹ́tà ti tó. Bí ọmọ bá wọ ẹ̀gbà ọwọ́ elésè àlùkò, olólùfẹ́ BTS tó bá rí i ti mọ̀ pé ará ilé òun nìyẹn, nítorí láti ọdún 2016 tí V, ọ̀kan nínú àwọn olórin náà, ti fi àwọ̀ yẹn ṣe àmì ìfẹ́ láàrin wọn àti àwọn tó ń tẹ̀lé wọn, kò tíì yí padà. Ti Blackpink, ẹgbẹ́ olórin Kòríà mìíràn, dúdú àti píńkì ni. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé Rema, kí ó to RAVER sára ẹ̀gbà rẹ̀, orúkọ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pe ara wọn nìyẹn. Ti BTS ni ARMY. Kò sí ojú ènìyàn kankan níbẹ̀, òbí kankan ò sì ní bínú.

Ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n á jọ ṣe pààrọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Òun náà ni àwọn olólùfẹ́ Taylor Swift, akọrin ará Amẹ́ríkà, ń ṣe níbi gbogbo tó ti kọrin nínú ìrìnàjò orin rẹ̀ tó pè ní Eras, láti oṣù kẹta ọdún 2023 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2024. Oníkálukú á ti ilé kó ẹ̀gbà wá, á fún ẹni tí kò mọ̀ rí, á sì gba ti onítọ̀hún. Kí àwọn ọmọ yín ṣe ẹyọ kan fún ara wọn, kí wọ́n sì ṣe ìyókù fún ọ̀rẹ́.

Ohun tí ẹ máa rà kò pọ̀: ìlẹ̀kẹ̀ onílẹ́tà, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ kéékèèké, àti òwú rọ́bà tó mọ́ gaara tó nípọn bíi mìlímítà 0.8. Orí òwú yìí ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ṣọ́ owó ná. Ìlẹ̀kẹ̀ tó rẹwà lórí òwú tí kò dáa, ilẹ̀ ni ẹ ti máa ṣà á. Kí wọ́n tó kó ìlẹ̀kẹ̀ sí i, kí wọ́n di òwú náà mú ní ìkángun méjèèjì, kí wọ́n fà á dáadáa bí ìgbà mélòó kan. Bí wọn kò bá fà á ṣáájú, yóò fà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àlàfo á wá yọ láàrin ìlẹ̀kẹ̀.

Ọwọ́ ọmọ ọdún 14 sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 16. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì kún un kí ó má fún un lọ́rùn ọwọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 6, nǹkan bí 28 ló máa yí i po. Òwú fúnra rẹ̀, ẹ gé e tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ọwọ́ lè rí ibi dì í mú nígbà tí wọ́n bá ń ta kókó. Kí wọ́n lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ìdí òwú kí ìlẹ̀kẹ̀ má yọ́ sílẹ̀.

Kókó náà: ẹ ta á bí ẹni ń so okùn, ṣùgbọ́n kí ẹ tó fà á, ẹ tún yí orí òwú gba inú ihò yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá fà á pinpin. Ẹ tún ta òmíràn lé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ ti kókó wọ inú ìlẹ̀kẹ̀ tí ihò rẹ̀ fẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí ń yára gan, tí wọ́n ń kán sí ohun tó fọ́, ẹ má ṣe kán an sórí kókó. Ó máa ń sọ òwú rọ́bà di gbígbẹ, yóò sì dá níbẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà ṣe pàtàkì. Inú àpò tí wọ́n da gbogbo lẹ́tà pọ̀ sí, A àti O ló máa ń kọ́kọ́ tán tí ẹ bá ń kọ orúkọ Yorùbá. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń ta lẹ́tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ bá a rà A, O, E àti I kún un. Fún ẹ, ọ àti ṣ, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ mú ọ̀dà èékánná díẹ̀, kí ẹ kán an sábẹ́ lẹ́tà. Ó máa ń dára gan-an, orúkọ ọmọ á sì pé bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe sọ ọ́.

Télọ̀ Gáà Akáńbí:

Àǹtí onílẹ̀kẹ̀ ti sọ ọ́ re. Èmi ń mú ti aṣọ wá.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ yín, ẹ ní kí ó fún yín ní àkékù. Gbogbo wa la ní i nínú àpò lábẹ́ ẹ̀rọ. Rọ́bà irun tí a fi aṣọ bò, àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ rán an: aṣọ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50, tó fẹ̀ ní 10, àti rọ́bà ṣòkòtò tó gùn ní 18 tàbí 20. Ẹ ká aṣọ náà sí méjì ní gígùn, kí inú rẹ̀ kọjú síta, ẹ rán etí rẹ̀ pọ̀, ẹ yí i padà. Ẹ fi píìnì ti rọ́bà gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ta orí rọ́bà pọ̀, ẹ wá rán ẹnu aṣọ pa. Aṣọ tó rọ̀ ló dára jù níbi yìí. Àǹkárá tuntun tó ṣì le, ẹ fọ̀ ọ́ ná.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú jù lọ ni àkékù aṣọ òkè. Ìlọrin là ń gbé, ẹ jọ̀wọ́. Àwọn ahunṣọ wà láàrin wa, àkékù òfì wà ní ilé àwọn ìyá wa. Ọ̀já òfì kan fẹ̀ tó ìnṣì mẹ́rin, etí rẹ̀ méjèèjì tó gùn ti di láti orí òfì wá, kì í tú. Ojú ibi tí ẹ bá fi àlùmọ́gàjí gé nìkan ló máa ń tú, ibẹ̀ nìkan ni ọmọ máa rán. Fún ẹni tí kò tíì di abẹ́rẹ́ mú rí, iṣẹ́ rẹ̀ ti dín kù púpọ̀. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 46, ẹ ká a sí méjì ní gígùn, ẹ rán rọ́bà tó tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí ẹ̀yìn, ó ti di ọ̀já orí. Ẹ gé èyí tó kúrú, ẹ fi bọ́tìnnì dè é, ó di ọ̀ṣọ́ ọwọ́ tí ọkùnrin náà lè wọ̀. Ẹ wá àwọ̀ elésè àlùkò tàbí píńkì nínú àkékù náà, ẹ máa rí i, àwọn oníyàwó ń fi í ṣe àǹkóò nígbà gbogbo.

Ọmọ Ọ̀ffà:

Ẹ káàsán, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Ọmọ ọdún 16 ni mí, ọkùnrin. Mò ń ka ohun gbogbo tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n ọ̀já orí àti rọ́bà irun kì í ṣe tiwa. Kí ni àwa ọkùnrin máa ṣe? Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀lé Rema.

Télọ̀ Gáà Akáńbí:

Ọmọ mi, ó dára bí o ṣe béèrè. Mú àkékù jínsì, gé e ní igun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 8 sí 8. Fa òwú etí rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó ní irùngbọ̀n. Kọ ohun tí o fẹ́ sí i pẹ̀lú ọ̀dà aṣọ, jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì, fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọ̀dà náà lè mú. Rán an mọ́ ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì tàbí àpò ìwé rẹ. Bí lẹ́tà rẹ kò bá gún, gé lẹ́tà náà sára páálí fáìlì oníke, gbé e lé aṣọ, fi fóòmù kékeré tẹ ọ̀dà sí i. Má fi ọ̀dà tó pọ̀ sórí fóòmù, kí ó má ṣàn wọ abẹ́ páálí.

Ìyá Ìbejì, Sángò:

Wúùlù irun! Ẹ ò rántí wúùlù. Èyí tí a fi ń di irun, tó wà ní gbogbo àwọ̀ ní ọjà. Ó pọ́ọ́kú, ó sì rọ̀. Àwọn ìbejì mi fi dì okùn ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun, òwú mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ irun sí àárín. Wọ́n tún ń so ó ní ìdì, wọ́n á gé ẹnu rẹ̀ dọ́gba, wọ́n á so ó mọ́ sípì báàgì. Ọmọkùnrin lè so tiẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́. Kò sí ohun tó rọrùn tó èyí fún ẹni tí kò lè ránṣọ.

Olùkọ́ Òmù-Àrán:

Ẹ kú ìmọ̀ràn. Ojú ilé-ìwé ni mo fi ń wò ó. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kì í gba ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí yẹtí nígbà ẹ̀kọ́, ọlidé sì máa tán. Ohun tó máa pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ni èyí tó lè so mọ́ àpò ìwé, tí ó lè fi sínú ìwé bí àmì ojú ewé, tàbí tí ó lè so mọ́ fóònù nílé. Ìlẹ̀kẹ̀ kan náà tí àǹtí onílẹ̀kẹ̀ júwe, ẹ kó o sórí okùn tí kì í fà, ẹ fi ìkọ́ kọ́kọ́rọ́ sí orí rẹ̀.

Fún àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ híjáàbù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gbàgbé wọn. Kò sí ẹni tó máa rí rọ́bà irun lórí wọn, wọ́n sì máa ń jókòó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Ẹ ṣe píìnì híjáàbù fún wọn. Ẹ mú bọ́tìnnì ńlá, ẹ fi àkékù aṣọ tó ní àwọ̀ ẹgbẹ́ wọn bò ó, ẹ rán ẹnu aṣọ pọ̀ lẹ́yìn, kí ẹ rán píìnì aṣọ ọmọ ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn náà. Ẹ lè to ìlẹ̀kẹ̀ méje yí i ká fún BTS, nítorí àwọn méje ni wọ́n. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni kí ẹ fi dè é, kí ẹ má fi gọ́ọ̀mù nìkan ṣe é, torí píìnì ló ń gba gbogbo ìfà aṣọ.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Táńkẹ̀:

Olùkọ́, ẹ ṣeun gan-an. Mẹ́rin nínú wọn ló ń wọ híjáàbù, ọmọ mi wà lára wọn, èmi gan-an kò ronú dé ibẹ̀.

Àwọn tí òbí wọn fara mọ́ àwòrán ń béèrè ti bájì tí wọ́n ń fi ìdérí ìgò mínírà ṣe, àti káàdì kékeré olórin. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Onífọ́tò Ojúde:

Èmi mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ mi ni. Káàdì àwọn olórin Kòríà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5.5 sí 8.5. Tí ẹ bá to wọn dáadáa, ẹyọ mẹ́sàn-án máa wọ ojú ìwé A4 kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí páálí funfun, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì fi àlùmọ́gàjí ká igun rẹ̀ kí ó má gún ọwọ́. Sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ nǹkan tiwọn sẹ́yìn káàdì kí wọ́n tó fi ọ̀rá bò ó. Ibẹ̀ ló ti ń di tiwọn.

Ti ìdérí ìgò: àwòrán roboto tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 ló ń wọ inú rẹ̀. Ìnkì ìwé máa ń ṣàn bí gọ́ọ̀mù olómi tàbí ọ̀dà èékánná bá kàn án. Ẹ fi sẹ́lótéèpù fífẹ̀ lẹ ojú àti ẹ̀yìn àwòrán náà ná, ẹ wá gé e, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí. Kí àgbàlagbà fi òòlù lu eyín ìdérí náà wọ inú kí àwọn ọmọ tó mú un, ó máa ń ya ọwọ́.

Ohun kan tí mo ń sọ fún gbogbo ọmọ tó wá tẹ káàdì lọ́dọ̀ mi: ẹ ṣe é fún ara yín àti fún ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ fi àwòrán olórin àti àmì ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, àwọn tó yà á ló ni ín, òfin Nàìjíríà sì dáàbò bò wọ́n. Ẹ ta èyí tó jẹ́ àwọ̀ àti orúkọ oníbàárà fúnra rẹ̀.

Bọ̀dá Aláró:

Ṣẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n di ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kí wọ́n rì í sínú aró elésè àlùkò. Ẹ ra aró, sóódà oníná (kọ́sítíìkì) àti háídrọ́ọ̀sì, ìyẹ̀fun tí àwa aláró fi ń pò aró, ẹ pò ó pọ̀, láàrin wákàtí kan ó ti tán. Gbogbo wọn á wọ ohun kan náà, fọ́tò wọn á rẹwà.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́:

Bọ̀dá, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún agbo àwọn ọmọ ọdún 14 nínú ilé. Sóódà oníná ń jó awọ ara, tó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ń gbóná bó bá pàdé omi, ìdí nìyẹn tí a fi ń da sóódà sínú omi, tí a kì í da omi sórí sóódà láé. Òórùn háídrọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tí ẹni tó ní ikọ́ fée yẹ kó máa fà sínú. Bí aláró àgbà bá wà níbẹ̀ tó máa fi ìbọ̀wọ́ ṣe é ní gbangba ìta, kí àwọn ọmọ dúró lókèèrè, kí wọ́n kàn di aṣọ wọn fún un, mo fara mọ́ ọn.

Bọ̀dá Aláró:

Òótọ́ ni ẹ sọ, Nọ́ọ̀sì. Mo gbà. Kí wọ́n di í nílé, kí wọ́n fi orúkọ sí i, kí wọ́n kó o wá fún aláró. Dídì náà ni ọwọ́ wọn máa ń hàn jù lára rẹ̀. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àgbàdo sínú aṣọ, ẹ fi rọ́bà dè é pinpin, yóò yọ roboto roboto. Kí ṣẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ òwú gidi. Pọ́lísítà kì í mu aró yìí dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ á kàn ṣá ni.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́:

Mo dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un. Gọ́ọ̀mù tó ń yára gan yẹn, ẹ má jẹ́ kí ó kan aṣọ òwú tàbí òwú ìránṣọ lọ́wọ́ ọmọ. Bó bá kan òwú, ó máa ń gbóná lójijì débi tó lè jó ara. Bí ẹ bá sì ní ọmọ kékeré nílé, ẹ to ìlẹ̀kẹ̀ sínú àwo tó ní ìdérí, kí ẹ gbálẹ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n bá parí.

Ọmọ Ìlọrin ní Ìbàdàn:

Inú mi dùn sí ìjíròrò yìí. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà pé iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ìlú wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ lántánà, òkúta pupa tí àwọn baba wa ń gé, tí wọ́n ń lu, tí wọ́n ń dán, Ìlọrin ni wọ́n ti ń ṣe é tà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́. Bí ọmọ bá fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa sáàárín ti elésè àlùkò, kí ó mọ ibi tí ó ti wá.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Táńkẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí. Ọ̀sán àkọ́kọ́, ẹ̀gbà ọwọ́ àti okùn wúùlù. Ọ̀sán kejì, ọ̀já òfì, píìnì híjáàbù àti ti jínsì fún àwọn àbúrò wọn ọkùnrin. Aró, a fi í sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá fẹ́ káàdì, òbí rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i.

Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọwọ́ tí àwọn olólùfẹ́ BTS máa ń gbé sókè, tí wọ́n ń fì nígbà orin, torí alẹ́ ni wọ́n máa jó. Ṣé a lè ṣe é láìlo àbẹ́là?

Ìyá Ìbejì, Sángò:

Ẹ má lo àbẹ́là rárá. Tọ́ọ̀ṣì kékeré oníbátìrì ni. Ẹ gé ìdí ìgò omi oníke tó mọ́ gaara, ẹ fún tíṣù funfun díẹ̀ sínú rẹ̀ kí iná má tàn síbì kan ṣoṣo, ẹ wá fi ọ̀rá elésè àlùkò tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn wé e ní ìlọ́po méjì. Ìlọ́po kan máa ń funfun jù, mẹ́ta á ti dúdú. Ẹ fi sẹ́lótéèpù dúdú lẹ ìgò mọ́ orí tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi ibi bọ́tìnnì sílẹ̀ kí wọ́n lè tàn án kí wọ́n sì pa á. Ojú ibi tí ẹ gé, ẹ fi sẹ́lótéèpù náà ká a kí ó má ya ọwọ́. Kí wọ́n so okùn wúùlù mọ́ ìdí tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi kọ́ ọrùn ọwọ́, torí bí wọ́n bá ń jó, ó máa ń bọ́.